Aṣọ Tó Wọ́ sí Ọ̀tún

Kò sí ohun tí kì í ba Ìyá Kọ́kọ́rọ́ lẹ́rù. Bí omi bá ń hó lórí iná, á rò pé ilé fẹ́ jó. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn, á dákẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ẹni náà yóò fi máa ronú bóyá òun gan-an ló ṣìnà. Àwọn ẹbí rẹ̀ sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kò ké. Ó kọ́kọ́ wo yàrá náà yíká, ó wá ṣe bí ẹni tó fẹ́ padà síbi tó ti wá.

Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ni olùtọ́jú kọ́kọ́rọ́. Mẹ́tàlélógójì ló so mọ́ ìbàdí rẹ̀, wọ́n sì ń ró tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jà á ti jókòó, wọ́n á ti ṣíwèé, wọ́n á ti máa kàwé pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́run, kí ó tó dé ìdajì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń tì í: ẹ̀ẹ̀kíní nítorí olè, ẹ̀ẹ̀kejì nítorí pé kò gba ara rẹ̀ gbọ́, ẹ̀ẹ̀kẹta nítorí pé ó ti gbàgbé pé òun ti tì í lẹ́ẹ̀mejì.

Síbẹ̀, ní Sátidé kan nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, obìnrin yìí kan náà a máa wọ bọ́ọ̀sì, a máa gun afárá, a sì máa lọ kọrin fún àwọn àgbàlagbà nílé ìtọ́jú arúgbó tó wà lódìkejì odò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ló ń mú un lọ. Yàrá kan ló ń gbé, òun nìkan, pẹ̀lú rédíò kan tí kì í dáhùn. Láàárín Sátidé kan sí òmíràn, ohun tó ń ṣe kò ju pé ó ń ka ọjọ́.

Olórí wọn ni Akọ̀wé Àgbà, tó ti fi ọdún márùndínlógójì ṣe akọ̀wé nílé iṣẹ́ ìjọba kan kó tó fẹ̀yìn tì. Bí obìnrin yìí bá wo fáìlì, fáìlì á to ara rẹ̀. Òun ló ń lé orin, ohùn rẹ̀ sì lè gba ojú fèrèsé kọjá láì ṣí i. Aránṣọ ni ẹnì kejì, tó máa ń fi pínnì há ètè bó ṣe ń sọ̀rọ̀, tí kò sì tíì gbé ọ̀kan mì rí. Nọ́ọ̀sì ni ẹnì kẹta, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ tó fi ń gún àwọn èèyàn lọ.

Wọ́n ní àṣà kan. Bí bọ́ọ̀sì bá ti gbéra, kálukú á mú òwú wúlù àti abẹ́rẹ́ gígùn méjì jáde, á bẹ̀rẹ̀ sí í hun. Kálukú ló ní àwọ̀ tirẹ̀: ti Aránṣọ jẹ́ òfeefèé, ti Nọ́ọ̀sì búlúù, ti Ìyá Kọ́kọ́rọ́ àwọ̀ ewé, ti Akọ̀wé Àgbà pupa. Ní àlọ àti àbọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan á hun ogójì ìlà, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Bí wọ́n bá padà délé, Aránṣọ á so ti tuntun mọ́ ti àtẹ̀yìnwá, á sì rán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òfin kan ló wà: ohun tí wọ́n bá hun nínú ọkọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u nílé. Aṣọ náà ti gùn tó ìrìn àjò mọ́kànlá. Inú kábíńẹ́ẹ̀tì irin kan ní yàrá ìkẹ́rùsí ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ló sì ń tì í, lẹ́ẹ̀mẹta.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, nílé Aránṣọ, níbi tí wọ́n ti ń dán orin wò. Aránṣọ tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ kí wọ́n lè rí i. Aṣọ náà kò tẹ́. Ó ká sí ọ̀tún bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

“Kí ló ń ṣe é?” Akọ̀wé Àgbà béèrè.

“Ẹnìkan ló ń hun ún fún pinpin,” Aránṣọ sọ láàárín pínnì. “Ogójì ìlà ni gbogbo wa ń hun. Bí tẹnìkan bá fún, tirẹ̀ á kúrú, á sì máa fa tàwọn yòókù mọ́ra.”

“Apá ibo ló ń fà á sí?”

“Apá ọ̀tún. Ewé àti pupa.”

Kò sẹ́ni tó wo Akọ̀wé Àgbà. Nọ́ọ̀sì yíjú sí Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ọ̀rẹ́ mi, ṣé abẹ́rẹ́ lo mú lọ́wọ́ ni, àbí o ń fún òwú náà lọ́rùn?”

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ di àwọn kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú kí wọ́n má baà ró. Òun ṣáà mọ ara rẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì bá ti gun orí afárá, tí omi dúdú yẹn bá yọ nísàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á le bí igi, ojú ìhun á sì máa sún mọ́ra bí èèyàn mẹ́wàá tó wà lábẹ́ agbòòrùn kan.

“Kò burú,” Akọ̀wé Àgbà sọ, pẹ̀lú ohùn tó fi ń fọwọ́ sí ìwé. “Lọ́jọ́ Sátidé, a ó tẹ́ aṣọ yìí sórí tábìlì gígùn ilé àwọn arúgbó, a ó fi tépù wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ń fà á wọ́ á sinmi nílé fún ìgbà díẹ̀. Ìrìn àjò yìí, tìgbádùn ni. A ò fipá mú ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ kò bá gbà á.”

Sinmi nílé. Ọ̀rọ̀ méjì yìí tẹ̀ lé Ìyá Kọ́kọ́rọ́ délé, wọ́n bá a jókòó, wọ́n bá a jẹun. Ó rí ara rẹ̀ ní Sátidé, òun àti rédíò tí kì í dáhùn, tí àwọn mẹ́ta yòókù ń kọrin kọjá lójú pópó. Ọkàn rẹ̀ já wálẹ̀ dé orúnkún, kò sì padà sókè títí di ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ ṣeré, ó wọ yàrá ìkẹ́rùsí, ó ti ara rẹ̀ mọ́lé lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣí kábíńẹ́ẹ̀tì tó ti dá aṣọ náà padà sí. Èrò rẹ̀ ni pé òun á já okùn tí Aránṣọ fi rán ewé pọ̀ mọ́ pupa, òun á tú ibi tó fún, òun á sì tún un hun kí ó dẹ̀. Ẹni tí kì í fi ẹsẹ̀ kan tẹ koríko tí wọ́n bá kọ ọ́ sí pé ẹ má tẹ̀ ẹ́, òun ló fẹ́ rú òfin yìí. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn kọ́kọ́rọ́ mẹ́tàlélógójì náà ń bá a gbọ̀n, ariwo wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n.

Ó mú bíléèdì. Ó wá okùn ìránṣọ náà, ó rí i, ó gé e.

Kì í ṣe okùn ìránṣọ. Òwú pupa ló gé.

Ó jókòó sórí àpótí ṣọ́ọ̀kì. Ó dúró kí aṣọ náà tú, kí pupa máa sáré láti ìlà dé ìlà, kí ìrìn àjò mọ́kànlá di òkìtì òwú nílẹ̀. Kò tú. Ó fà á díẹ̀ wò, kò mira. Ó mú abẹ́rẹ́ kó lè fi gbá ojú ìhun tó gé náà mú, abẹ́rẹ́ kò wọlé. Ó mú èyí tó tín-ín-rín jù, ìyẹn náà kọ̀. Pupa náà fún débi pé bí èèyàn bá da omi sí i, omi á kọ́kọ́ tọrọ àyè.

Ìgbà yìí ló wá wò ó dáadáa. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ewé, ó wọn pupa. Ewé kúrú, lóòótọ́. Pupa fi ìka mẹ́rin kúrú ju ewé lọ. Bó ṣe ń fi ìka tọ pupa náà lọ, ó ń rí i pé nínú ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan, ó dẹ̀, ó dẹ̀, ó wá fún pinpin lẹ́ẹ̀kan, ó tún dẹ̀, ó tún fún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gun afárá.

Akọ̀wé Àgbà.

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀rù mìíràn ló dé, èyí tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí tépù bá kan aṣọ yìí lọ́la, ìtìjú á mú ẹni tí ìtìjú kò mú rí. Á fi ẹnu ara rẹ̀ rán ara rẹ̀ lọ sinmi nílé. Ta ni yóò wá máa lé orin? Aránṣọ tó há pínnì sẹ́nu? Kí oṣù méjì tó pé, kò ní sí bọ́ọ̀sì, kò ní sí orin, kálukú á wà nínú yàrá rẹ̀. Òwú tí òun gé sì wà níbẹ̀, ó ń wo òun bọ̀ọ̀. Ó fi pínnì dè é, ó ká aṣọ náà, ó tilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀méje ló tì í.

Ní Sátidé, ó sáré gba àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Akọ̀wé Àgbà, ó gbé aṣọ náà lé itan. Àwọn méjì yòókù jókòó sẹ́yìn.

“Ẹ wo ẹni tó ń fẹ́ ojúrere adájọ́,” ni Nọ́ọ̀sì wí.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ fi ọwọ́ bo ibi tí pínnì wà. Ó ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ láti ibùdókọ̀ wá. Ó la ẹnu níwájú ilé epo, ó pa á dé. Ó la ẹnu níwájú ilé ìfowópamọ́, èéfín ọkọ̀ kan wọ ibẹ̀. Kó tó la ẹnu lẹ́ẹ̀kẹta, afárá ti dé.

Bí ó ti máa ń ṣe nígbà gbogbo, Akọ̀wé Àgbà lé orin sókè: “Ọ̀nà ń lọ, àwa náà ń lọ, kò sẹ́ni tó kù sẹ́yìn.” Ọdún kan ni wọ́n ti ń gbè é, tí wọ́n ń rò pé ẹwà odò ló ń wú ọ̀gá wọn lórí. Lónìí, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wo ọwọ́ ẹni tó ń kọrin. Eegun ìka ti funfun. Ojú ìhun ń fún pinpin.

Ní àárín afárá gan-an, bọ́ọ̀sì dúró. Wọ́n ń tún ẹ̀gbẹ́ kan ṣe, àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ ló kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti kọjá. Afárá náà ń mì díẹ̀. Orin já lẹ́nu Akọ̀wé Àgbà. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó mú gúgúrú jáde, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó wà ní pálọ̀ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” Ìyá Kọ́kọ́rọ́ sọ wúyẹ́wúyẹ́, “mo gé òwú yín.”

“Òwú mi wo?”

Ó ṣí etí aṣọ náà, ó fi pínnì hàn án. “Lánàá. Mo fẹ́ tú tèmi kí ẹ má baà fi mí sílẹ̀. Bíléèdì ṣìnà. Mo wá rí i pé ibi afárá, tiyín… ẹ̀gbọ́n, tiyín fún ju tèmi lọ.”

Akọ̀wé Àgbà fi ìka kan pínnì náà. Nísàlẹ̀, omi ń lọ.

“Ta ló tún rí i?”

“Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni kábíńẹ́ẹ̀tì yẹn ní. Ọwọ́ mi ló wà.”

“Ẹ̀rù ò bà ọ́ láti sọ ọ́ fún mi?”

“Ó ń bà mí báyìí. Ẹ wo ọwọ́ mi.”

Akọ̀wé Àgbà wò ó. Ó wá gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Ó tutù bí ẹja.

“Láti kékeré ni,” ó sọ, tí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. “Bí mo bá ti ń kọrin, mi ò ní gbọ́ omi. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ibí yìí dákẹ́.”

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kò lé orin rí láyé rẹ̀. Ó la ẹnu. Ohun tó jáde dà bí ohùn ilẹ̀kùn tí kò rí epo rí: “Ọ̀nà ń lọ…”

“Ọ̀nà wo ló ń lọ?” Nọ́ọ̀sì béèrè lẹ́yìn. “A ti dúró.”

Síbẹ̀ ó gbè é. Aránṣọ náà yọ pínnì lẹ́nu, ó gbè é. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ni wọ́n kọ orin kan ṣoṣo yẹn. Awakọ̀ tan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún, ó ní òun ò lè fara dà á mọ́.

Lórí tábìlì gígùn ilé àwọn arúgbó, Aránṣọ na tépù. Akọ̀wé Àgbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wọn aṣọ náà, òun ló ka iye rẹ̀ sókè.

“Pupa ló kúrú jù. Odò yẹn ń bà mí lẹ́rù. Mo ti sọ ohun tí mo sọ, nítorí náà èmi ni mo máa sinmi nílé.”

Aránṣọ wo ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì gba tépù, ó ń ká a.

“Èmi ni mo gé ihò tó wà lára rẹ̀,” Ìyá Kọ́kọ́rọ́ sọ. “Ìka mẹ́rin péré ni tèmi fi gùn ju tiyín lọ. Bí ẹ bá jókòó sílé, èmi náà á jókòó. Ẹni méjì ló máa kù, ẹ sì mọ irú ohùn tí Nọ́ọ̀sì ní.”

“Ọ̀rọ̀ kàn mí báyìí,” ni Nọ́ọ̀sì wí. Ó fi ìka kan ra ara aṣọ náà. “Kí ni ká wá ṣe? Ká máa gbé e lọ bó ṣe wọ́ yìí?”

“Ká máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀,” Aránṣọ dáhùn. “Ṣùgbọ́n mi ò ní òwú pupa níbí tí mo lè fi dí ihò.”

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ já òwú ewé tirẹ̀ fún un.

Nígbà tí wọ́n ń padà, Akọ̀wé Àgbà jókòó sí àárín, níbi tí kò ti lè rí omi, òun àti Ìyá Kọ́kọ́rọ́ sì ń hun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí afárá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo wọn yíjú sí. Ó di abẹ́rẹ́ mú gírígírí, ojú ìhun fún pinpin, ó sì lé orin.