Aago Ọwọ́ Òsì Bàbá Mi

Òórùn awọ tuntun ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn káàbọ̀ ní ilé ìtajà aago yẹn ní Manhattan. Èmi ní tèmi, òórùn ìpara ni mo máa ń gbé wọlé, ìpara tí a fi ń wọ́ apá àwọn arúgbó, tí kì í tán lọ́wọ́ ẹni bó ti wù kí á fọ̀ ọ́ tó. Láti àdúgbò Co-op City ni mo ti máa ń bọ̀, níbi tí mo ti ń tọ́jú bàbá àgbàlagbà kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù. Mo á fi bàtà iṣẹ́ mi tẹ kápẹ́ẹ̀tì wọn, ẹsẹ̀ á máa ro mí, ọkùnrin tó ń ta aago á sì kọ́kọ́ wo ọrùn ọwọ́ mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìwọ náà mọ iṣẹ́ yìí, o mọ̀ pé a kì í wọ aago, torí awọ ara àgbàlagbà ti fẹ́lẹ́, etí aago lásán lè ya á. Ara ògiri la ti ń wo aago tiwa.

Bàbá mi ni mo fẹ́ ra aago fún. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n sì ti ń darí akọrin ìjọ wa ní Abẹ́òkúta láti ìgbà tí n kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún mi yàtọ̀ sí òsì. Aago kan ṣoṣo tí wọ́n ní bàjẹ́ nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama. Wọn kò ra òmíràn, síbẹ̀ wọn kò jáwọ́ nínú wíwo ọrùn ọwọ́ òsì. Bí ìwàásù bá ti gùn jù, wọ́n á gbé ọwọ́ náà sókè, wọ́n á wo awọ lásán, wọ́n á mi orí. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n sọ fún mi pé, "Bí Ọlọ́run bá ṣe é fún ọ, aago ni kí o rà fún mi. Aago gidi ni o." Ọdún mọ́kànlá ni mo lò ní New York kí n tó lè dá irú rẹ̀ láṣà, wọ́n sì ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti pẹ́ jù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ síbẹ̀ kí n tó mú ọ̀kan. Ọkùnrin náà á tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì, á to mẹ́ta sílẹ̀. Èkíní tẹ́ pẹrẹsẹ bíi bisikíìtì, wúrà ló bò ó, bátìrì ló sì ń lò. Èkejì ni irú èyí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ìka yí kókó kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láràárọ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta jẹ́ irin tó ń dán, gíláàsì ni ẹ̀yìn rẹ̀, o lè máa wo àwọn irin róbótó kéékèèké tó ń yí nínú rẹ̀. Ìyẹn kò lo bátìrì, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí òun. Bí apá ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ti ń lọ tó ń bọ̀, ibẹ̀ ló ti ń rí agbára. O ò ní gbà gbọ́ bí aago mẹ́ta ṣe lè dá ènìyàn lágara tó. Mò ń rò ó nínú bọ́ọ̀sì, mò ń rò ó bí mo bá ń wẹ arúgbó mi. Èyí tó ń lo bátìrì, mo mọ irú ayédèrú tí wọn yóò kì bọ̀ ọ́ nínú nílé bí tirẹ̀ bá kú. Èyí tí a ń fi ọwọ́ yí, bàbá mi á gbàgbé.

Ọkùnrin náà bi mí pé, "Irú ènìyàn wo ni bàbá yín? Ṣé wọ́n máa ń lo ọwọ́ dáadáa?"

Ẹ̀rín pa mí. Mo ní akọrin ni wọ́n ń darí, pé kódà bí wọ́n bá ń jẹun, ọwọ́ òsì wọn á máa pín ohùn fún àwọn tí kò sí níbẹ̀. Kó lè dá mi lójú, mo pè wọ́n níbi tí mo dúró sí.

"Bàbá, ṣé ẹ ṣì ń darí akọrin?"

"Ta ni ìbá tún máa darí wọn?"

Ohùn wọn wúwo díẹ̀, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo ní oorun ni. Mo san owó ẹ̀kẹta, obìnrin kan nínú ìjọ tí mò ń lọ ní New York tó ń lọ sílé sì bá mi gbé e dání.

Nígbà tí wọ́n pè mí ní fídíò, ọwọ́ bàbá mi wà lórí apá àga, aago náà wà lọ́rùn ọwọ́ wọn, ó ń tàn yanran. Mo sunkún ayọ̀, mi ò ní purọ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan sí i tí ìyá mi fi ní, "Aago yìí mà ń dúró o." Wọ́n á mì í, á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á tún kú. Inú bí mi. Ọjọ́ ìsinmi kan ṣoṣo tí mo ní lọ́sẹ̀ yẹn ni mo fi padà lọ bá ọkùnrin náà. Kò bá mi jà. Ó ní aago tó bá wà lára apá tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í dúró, bóyá orí tábìlì ni wọ́n ń gbé e sí. Mo ní wọ́n ń wọ̀ ọ́, ojú mi ló ṣe. Ó ní òun lè bá mi fi èyí tó ń lo bátìrì pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní kí n lọ rò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó ti arúgbó mi, mo ń gbé apá rẹ̀ tó ti rọ sókè, mo ń gbé e wálẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́ kó má baà gan. Nígbà tí mo dá ọwọ́ náà padà sórí apá àga, mo rí bó ṣe wà níbẹ̀, tí àwọn ìka ká wọnú díẹ̀. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Mo ti rí i nínú fídíò pẹ̀lú aago lọ́rùn rẹ̀. Mo wá rántí pé ó ti tó oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti ń sọ pé nẹ́tíwọ̀kì kò dára, tó jẹ́ pé, yàtọ̀ sí ọjọ́ aago yẹn, ojú bàbá mi nìkan ni mo ń rí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe ìyá mi.

"Màámi, ẹ ní kí bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè kí n rí i."

Mò ń gbọ́ adìyẹ nínú àgbàlá wa.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Aago ni."

"A ò fẹ́ kí ọkàn ẹ dàrú ni. Ìwọ nìkan lo wà lọ́hùn-ún."

Inú bí mi, ojú sì tì mí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun gan-an ni bàbá mi nílò, àwọn ènìyàn mi sì fi pamọ́ fún mi nítorí ìfẹ́. Apá ẹlòmíì ni mò ń gbé láràárọ̀, ti bàbá mi sì ń gan lọ. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ wí? Èmi náà kò sọ fún wọn rí pé ẹ̀yìn ń dùn mí. "A wà dáadáa" ni wọ́n ń wí, "mo wà dáadáa" lèmi náà ń dá lóhùn.

N kò pààrọ̀ aago náà. Mo ní kí ìyá mi fi í sílẹ̀ sí òsì, kí wọ́n máa gbé apá náà sókè sódò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí wọ́n fi orin ìjọ márùn-ún ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. Bàbá mi ló ń dá orin, ìyá mi ló ń bá wọn gbé ọwọ́, bàbá mi á sì máa bá wọn wí pé wọ́n ń sáré jù. Láti ìgbà náà, kí n tó béèrè bí wọ́n ṣe sùn, mo á kọ́kọ́ béèrè bóyá aago ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ní ó ń ṣiṣẹ́, mo mọ̀ pé wọ́n gbé apá náà lóòótọ́.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo béèrè bí mo ṣe máa ń béèrè.

Ìyá mi ní, "Ó ti dúró. Ó rẹ̀ mí lánàá, mi ò gbé e."

Mo jókòó sórí àga ní ibùdókọ̀, àpò iṣẹ́ mi wà lórí itan mi. N kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ìyá mi rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Ó ti wà lẹ́nu mi láti bá wọn wí, ni mo bá sọ pé, "Ó rẹ èmi náà, Màámi. Ó ti pẹ́ tó ti ń rẹ̀ mí." Kò sí ẹni tó ní kí ẹnìkejì ṣe ọkàn gírí. Aago gidi ni bàbá mi béèrè, mo rà á, òun ló sì jẹ́ kó ṣeé sọ nínú ilé wa pé ó ń rẹ ènìyàn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo gbọ́ tí ìyá mi wọ́ àga, tí bàbá mi dá orin.