Fọ́tò Tí Màmá Mi Fẹ́ Fi Ojú Ara Wọn Rí

Mo mọ iṣẹ́ mi, ẹ má bá mi jiyàn. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ya fọ́tò ní Láfẹ́nwá, nínú ṣọ́ọ̀bù tí ariwo àwọn agbèrò kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá ti rí kámẹ́rà báyìí, ńṣe ló máa ń le gbagidi. Ọrùn á nà, á wá ranjú bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé, "Ẹ jẹ́ kó wá ní nátúrà." Bí wọn ò bá gbọ́, màá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n á fi rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ tírélà kan láti Ewékorò, tí eruku sìmẹ́ńtì ṣì wà ní etí rẹ̀, jókòó síwájú mi lọ́jọ́ kan, ó fajú ro. Mo bi í pé ṣé ìyàwó rẹ̀ ló lé e jáde ni. Ẹ̀rín tó bú sí nígbà yẹn ni mo yà. Ó ra ẹ̀dà mẹ́ta.

Màmá mi nìkan ni apá mi ò ká. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, Òwu ni wọ́n ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, dókítà sọ fún wa pé àìsàn tó ń jẹ ojú wọn kò ní padà sẹ́yìn mọ́. Ojú òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ọ̀tún náà sì ti ń ṣókùnkùn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Màmá ò sunkún. Nínú mọ́tò, bí a ṣe ń padà bọ̀ wálé, wọ́n ní kí n wá ya fọ́tò àwọn, èyí tí àwọn máa gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá mi ní pálọ̀.

"Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i kí ilẹ̀ tó ṣú," wọ́n wí.

Mo ní kò sí wàhálà. Ṣebí iṣẹ́ mi ni.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n wọ lẹ́ẹ̀sì funfun, wọ́n wé gèlè, wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n pa ẹsẹ̀ pọ̀, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Bí bàbá mi ṣe jókòó nínú tiwọn gẹ́lẹ́ nìyẹn, láyé ìgbà tí ẹnikẹ́ni kì í bá kámẹ́rà ṣeré. Mo ní, "Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀." Wọ́n ní, "Kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín?" Mo sín àlùfáà ìjọ wọn jẹ, bó ṣe máa ń wúkọ́ kó tó wàásù. Wọ́n kàn ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó sú mi. Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́ láìya ẹyọ kan, mo ní màá padà wá.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n ń ṣa òkúta inú ìrẹsì ọ̀fadà, síkáàfù orí wọn ti yọ sẹ́yìn. Àbúrò mi obìnrin ń sọ ọ̀rọ̀ kan fún wọn láti ilé ìdáná, Màmá bú sẹ́rìn-ín, gbogbo eyín wọn ló hàn. Mo rọra dúró ní apá òsì wọn, mo yà á. Kí n má parọ́, fọ́tò náà dára. Mo fẹ̀ ẹ́, mo fi férémù gidi sí i. Nígbà tí àwọn àbúrò mi rí i, wọ́n ní Màmá gan-an nìyí. Orí mi wú.

Màmá gbé e sún mọ́ ojú ọ̀tún, wọ́n gbé e lọ, wọ́n gbé e bọ̀.

"Ibo lo dúró sí?" wọ́n bi mí.

"Apá òsì yín ni, Màmá. Ẹ ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi wá ní nátúrà."

"N kò lè mọ̀. N kò ríran níbẹ̀ mọ́." Wọ́n dá férémù padà fún mi. "Wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ ni mo fi ń wá òkúta, nítorí ojú ò rí i mọ́. Obìnrin tí ojú rẹ̀ ń fọ́ lo yà, ẹ wá ní èmi nìyẹn."

Ara mi gbóná. Mo ní gbogbo ilé ló fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní ẹni tó le gbagidi lórí àga kì í ṣe bí Ọlọ́run ṣe dá a.

"Ṣé ìdí ìrẹsì ni Ọlọ́run dá èmi sí?" wọ́n wí. "Ọdún márùndínlógójì ni mo fi dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Láràárọ̀ ni mò ń wẹ̀, tí mò ń wé gèlè, tí mò ń na ẹ̀yìn mi kí n tó jáde. Ta ló sọ fún ọ pé ìyẹn kì í ṣe èmi? Ẹ̀rín tí mò ń rín nínú ilé mi, ẹ̀yin ọmọ mi ni mo fún. N kò fún ògiri."

Ojú tì mí, ó sì dùn mí, torí òótọ́ ni wọ́n sọ. Ibi tí ojú wọn ti kú sí gan-an ni mo lọ lúgọ sí, mo wá ń pè é ní iṣẹ́ ọwọ́.

Mo padà lọ ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n jókòó bí wọ́n ṣe fẹ́ jókòó. Mi ò ṣàwàdà, mi ò ní kí wọ́n tú ara ká. Wọ́n bi mí pé ibo ni kámẹ́rà wà. Mo fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n kọjú sí i. Wọ́n tún gèlè ṣe. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ó yá." Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sáré gbé e dé Òwu nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Wọ́n gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi ojú ọ̀tún wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka ìwé. Wọ́n ní, "Èmi nìyí." Wọ́n ní kí n lọ wá ìṣó.

Ojú ọ̀tún náà ti lọ báyìí. Bí àlejò bá wọlé, tó bá béèrè ìdí tí Màmá ò fi rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò, èmi ni mo máa ń fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́. Wọ́n á kọjú sí ògiri, wọ́n á sọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan: gèlè, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún. Wọn kì í ṣi ọ̀kan sọ.