Agbárí Tí Wọ́n Kọjú Rẹ̀ Sí Ògiri

Àbúrò mi obìnrin ló ń nu gíláàsì nílé ìṣẹ̀ǹbáyé. Láti kékeré ni orí rẹ̀ ti wọ́ sápá òsì. Bí ayafọ́tò bá dé, màmá wa á ní, “Yí ẹ̀gbẹ́ tó dáa síta.” Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún títí dòní.

Nígbà tí wọ́n wá gbé agbárí òkú ayé àtijọ́ kan, tó wọ́ bíi tirẹ̀, sínú àpótí gíláàsì níbẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ní kí wọ́n kọjú ibi tó wọ́ sí ògiri. Àbúrò mi gbaná jẹ. Ó ṣí àpótí náà, ó yí agbárí náà padà.

“Àwọn àlejò ò fẹ́ rí ìyẹn!” lọ̀gá pariwo.

“Ṣé àwọn ló bá a ru orí ọ̀hún ni?” Àbúrò mi já ìborí orí ara rẹ̀ sílẹ̀. “Ó yá, ẹ wá kọjú tèmi náà sí ògiri!”