Ọwọ́ Jùbrílù nínú Ìwé Ràhámátù

Lọ́jọ́ Sátidé tí Ràhámátù ń fi ìwé rẹ̀ tuntun han àwọn ará Abẹ́òkúta, gbọ̀ngàn kékeré tó gbà ní Òkè Ìlèwó kún ju bó ṣe rò lọ. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti ń kọ ìtàn nípa àwọn ẹ̀dá tó lè máa gbé nínú ìràwọ̀, nípa ìlú wọn àti ìwà wọn. Nínú ìwé tuntun yìí, àwọn ará ìràwọ̀ balẹ̀ sí oko ìrẹsì kan lẹ́bàá Ọ̀fàdà. Wọn kò lóhùn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, àwòrán ọwọ́ náà ló sì kún inú ìwé.

Abdulkabir, tó ń darí ètò, bi í pé, "Olùkọ́ wa, ṣé ẹ gbà lóòótọ́ pé àwọn kan wà lọ́hùn-ún?"

"Mo gbà," ni Ràhámátù dáhùn. "Ọ̀run tóbi ju kó jẹ́ àwa nìkan ni Ọlọ́run dá sínú rẹ̀ lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé wọ́n lè ti máa bá wa sọ̀rọ̀, ká má mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tí kò bá ti lo ẹnu, a ti kà á sí ẹni tí kò lóye."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

"Èdè ọwọ́ yìí wá ńkọ́? Níbo lẹ ti rí i?"

Ràhámátù rẹ́rìn-ín. "Orí ara mi ni mo ti yọ ọ́."

Irọ́ ni.

Jùbrílù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni ín. Ibà líle kan ti gba etí Jùbrílù láti ọmọ ọdún mẹ́ta. Àlímátù ìyá wọn, tó ń pa aró ní Ìtòkú, a máa gbé e jókòó tì í nídìí ìkòkò aró, níbẹ̀ ni ìyá àtọmọ ti fọwọ́ dá èdè sílẹ̀. Nígbà tí Ràhámátù dáyé, ó bá a nílé, ó sì mọ̀ ọ́n sọ kó tó mọ̀ ọ́n fẹnu sọ̀rọ̀. Àwọn mẹ́ta péré ló gbọ́ ọ láyé nígbà náà. Àmọ́ nígbà tí Ràhámátù wọ girama, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sín Jùbrílù jẹ, ló bá kúkú ń ki ọwọ́ bọ àpò bó bá ti rí i níta. Ìyá wọn kú, Jùbrílù kó lọ sí Owódé, ó ń ránṣọ níbẹ̀. Ọdún kan lè yí po kí wọ́n má fojú kan ara wọn. Ràhámátù kò pè é síbi ètò yìí rárá.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti lẹ pósítà ìwé náà mọ́ ògiri gáréèjì Owódé. Jùbrílù rí ojú àbúrò rẹ̀, ó rí ọwọ́ tí wọ́n yà sábẹ́ rẹ̀, ló bá wọkọ̀.

Nígbà tí ìbéèrè dé, ó dìde láti ẹ̀yìn, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ṣí ìwé sí ojú ewé kan, ó nà án sókè. Ó wá fi ìka méjì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún tọ́ka sí ìwé.

"Ará ìràwọ̀ ti dé o!" ni ẹnì kan ké, gbogbo gbọ̀ngàn sì bú sẹ́rìn-ín.

Abdulkabir bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀ wọ́n ni?"

Ràhámátù mi orí. "Rárá. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ."

Jùbrílù kò nílò etí láti gbọ́ ìyẹn. Ó rọra gbé ìwé náà sórí àga, ó jáde.

Ràhámátù jókòó, ó ń bu ọwọ́ lùwé fún àwọn èèyàn. Bí wọ́n ti ń kí i ni ìkíni náà ń gún un. Ó délé, ó ṣí ojú ewé ọ̀hún. Ìka méjì lẹ́rẹ̀kẹ́: nínú ìwé rẹ̀, ohun tí àwọn ará ìràwọ̀ fi ń pe àjèjì tí kò ṣeé finú hàn nìyẹn. Ó wò ó títí, ó sì rántí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ a máa jìn wọnú bó bá rẹ́rìn-ín láti kékeré. Orúkọ rẹ̀ ni. Orúkọ tí Jùbrílù sọ ọ́. Ó ti gbàgbé ìtumọ̀, ó wá mú ọwọ́ náà tà.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí Owódé, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó fọwọ́ bẹ̀bẹ̀. Ìyá àgbà kan, Mọ́níkẹ́, tó ń ta òwú nítòsí, wò ó tìyanu-tìyanu.

"Ọmọ mi, ohun tó o fọwọ́ sọ yẹn, o ní kó lọ ra ata."

Mọ́níkẹ́ kì í ṣe ẹbí, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin péré ló fi gbọ́ èdè náà lẹ́nu iṣẹ́. Ilẹ̀ kò lanu fún Ràhámátù kó wọlé sí i. Jùbrílù sọ̀rọ̀ pẹ́, Mọ́níkẹ́ sì ń túmọ̀.

"Ó ní ti ìyá yín ni èdè náà, o nípìn-ín níbẹ̀, kò bínú pé o mú un. Ó ní òun ti fi pósítà han gbogbo gáréèjì pé àbúrò òun rèé. Ó ní o mọ òun, àmọ́ o sọ níwájú èèyàn pé o ò mọ òun."

"Òótọ́ ni, Màmá," ni Ràhámátù wí. Kò wá àwíjàre kankan.

Lọ́jọ́bọ̀, rédíò kan pè é láti sọ̀rọ̀ lórí ìwé náà. Kó tó dá wọn lóhùn nípa ìràwọ̀ kankan, ó ní, "Mo purọ́ ní Sátidé. Ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi Jùbrílù ló dá èdè yẹn sílẹ̀. Ẹni tí ẹ fi rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ni, mo sì sẹ́ ẹ níṣojú yín." Mọ́níkẹ́ tan rédíò, ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún Jùbrílù. Jùbrílù wò ó tán, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sọ́ńdè ni Ràhámátù ń lọ sí Owódé láti tún èdè náà kọ́ lọ́wọ́ Jùbrílù. Ọwọ́ rẹ̀ le, Jùbrílù kì í sì í ṣe onísùúrù. Nígbà mìíràn, yóò kẹ̀yìn sí i láàárín ẹ̀kọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Jùbrílù gbé abọ́ ẹ̀bà síwájú rẹ̀. Wọ́n jọ jẹ ẹ́. Ràhámátù fọ àwo, ó sì wọ bọ́ọ̀sì padà sílé.