Ìyá Òṣùwọ̀n àti Ẹja tí Kò Tètè Lọ

Bí ẹ bá dé èbúté wa láàárọ̀, ìyàwó mi lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kẹ́ ẹ tó rí i. Kò ga rárá, àmọ́ ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ jáde. Abẹ́ àtíbàbà onípáànù, nídìí òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ṣéènì so rọ̀, ibẹ̀ ló máa ń dúró. Á wọ bàtà rọ́bà, á ká ìró dé orúnkún, á fi àkísà kan kọ́ èjìká tó fi ń nu abọ́ òṣùwọ̀n. Gbogbo ẹja tó bá ti inú adágún wa jáde, ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbà kọjá kó tó dé ọjà. Ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè é ní Ìyá Òṣùwọ̀n.

Èmi ni ọkọ rẹ̀. Mo ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní òdìkejì títì. Ẹ má bá mi du ipò ẹni tó ń jìyà jù nínú ilé yìí o. Tí mo bá ra àlùbọ́sà wálé, á gbé e sọ́wọ́ lásán, á ní, "Wọ́n tún ti rẹ́ ẹ jẹ." Á sì rí bẹ́ẹ̀. Mo ti fi ọjà rírà sílẹ̀ fún un tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìdíje ẹja pípa ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kọ̀rọ̀ kan wà ní ìhà ìsàlẹ̀ adágún náà tí ẹja máa ń lọ yé ẹyin sí. Àwọn apẹja wa kó àwọ̀n wọ ibẹ̀ títí ẹja tó ń bọ́ sínú abọ́ òṣùwọ̀n fi kéré débi tó ń ti ni lójú. Ẹgbẹ́ apẹja ti kọ̀rọ̀ náà pa, àmọ́ ta ló máa ṣọ́ ọ? Ẹni tó bá ṣọ́ ọ, kí ni yóò jẹ? Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn kan á yọ́ wọlé.

Ìgbà yẹn ni àwọn àlejò tó ń fi ọ̀pá oníwọ̀ pẹja ṣeré dé. Ọ̀pá ìpẹja wọn wọ́n ju alùpùpù mi lọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa wá díje lọ́dọọdún, àwọn á sanwó kí àwọn tó ju ìwọ̀ sómi, kí ẹgbẹ́ sì fi owó náà san owó oṣù àwọn tó máa ṣọ́ kọ̀rọ̀, kí wọ́n fi ra epo sọ́kọ̀ wọn. Ìpàdé ọjọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Àwọn kan ní owó ti dé, ẹja máa pọ̀. Àwọn kan ní irọ́ ni, owó yìí gan-an ló máa jẹ ẹja tó kù tán, torí ìwọ̀ mẹ́wàá ọdún yìí máa di ọgọ́rùn-ún tó bá yá, ẹgbẹ́ á sì dákẹ́ torí ohun tó ń wọ àpò.

Ìyàwó mi dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, ohun tó sì ń dẹ́rù bà mí nìyẹn. Owó yìí lè ṣọ́ ẹja, ó sì lè pa á. Tí ẹja tí wọ́n bá mú ò bá padà sómi láàyè, kí wọ́n máa gbé owó wọn lọ."

Bí òfin náà ṣe jáde nìyẹn. Ẹ mú ẹja, a wọ̀n ọ́n, Ìyá Òṣùwọ̀n á gbé e wọnú omi, á ṣí ọwọ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹja bá fi agbára ara rẹ̀ lọ kí fèrè ìparí tó dún, a kà á. Tí kò bá lọ, kò sí nínú ìdíje. Èmi ni wọ́n fún ní fèrè, nítorí wọ́n ní èémí mi pọ̀. Ìyàwó mi ní òun ò jiyàn.

Ó kan àbúrò ìyàwó mi wàyí. Aláriwo là ń pè é, ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn ò ṣàṣìṣe. Apẹja ni, ọwọ́ rẹ̀ yá lójú omi, àmọ́ àjẹ̀ ló fi ń wa ọkọ̀. Kó tó wa ọkọ̀ débi tí ẹja wà, àwọn ẹlẹ́ńjìnnì ti kó tiwọn dé èbúté, wọ́n ti tà á. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀bùn ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ni ẹ́ńjìnnì tuntun, ike rẹ̀ ò tíì kúrò lára rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kí n tọ́jú rẹ̀, Aláriwo ò jẹ́ kí n gbádùn. Á wá, á fọwọ́ pa á lórí, á ní, "Àna mi, ẹ bá mi kí i, ẹ ní ọkọ rẹ̀ ń bọ̀."

Ọjọ́ ìdíje pé. Kò síbi tí èèyàn fẹ́ gbẹ́sẹ̀ sí ní èbúté. Àwọn èèyàn gun orí àgbá, wọ́n gun orí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, àwọn kan tiẹ̀ gun òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹja ń wọlé, ìyàwó mi ń wọ̀n, ó ń ké iye rẹ̀, ó ń gbé wọn padà sómi. Àlejò onífìlà funfun kan ló wà níwájú. Ẹ́ńjìnnì méjì ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ ẹni yẹn. Kí ló fẹ́ fi ẹlẹ́ẹ̀kẹta ṣe?

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìdíje parí, a gbọ́ igbe láàárín omi. Aláriwo ni! Ìwọ̀ rẹ̀ ti kọ́ nǹkan, nǹkan náà sì ń fa ọkọ̀ rẹ̀ kiri. Gbogbo èbúté pariwo. Ẹ̀rù bà mí, inú mi dùn, mi ò mọ èwo ni mo ń ṣe. Ó bá a jà títí òógùn fi bo ojú rẹ̀, ó gbé e sínú ọkọ̀, ó wa ọkọ̀ wọlé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹja náà gùn ju ẹsẹ̀ mi lọ! Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n lọ, ó lọ, ó kọjá ibi tí ẹnikẹ́ni ò rí i kọjá rí. Ohùn ìyàwó mi gbọ̀n nígbà tó ń ké iye rẹ̀.

Ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí, kí ẹja padà sómi. Àmọ́ àwọn èèyàn ń kígbe pé àwọn fẹ́ yà á ní fọ́tò, Aláriwo kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n máa fẹ́ rí kó fara pa mọ́. Ó gba ẹja mọ́ ìyàwó mi lọ́wọ́, ó gbé e sókè, ó rìn láti ìpẹ̀kun afárá pákó dé ìpẹ̀kun kejì. Ìyàwó mi ń sá tẹ̀ lé e, ó ń pariwo pé, "Gbé e wá! Ìwọ ọmọ yìí, gbé ẹja yẹn wá!" Nígbà tó fi gbà á padà, ẹnu ẹja náà kàn ń ṣí, ó ń pa dé.

Ó gbé e wọ omi títí omi fi mù ún dé àyà. Ó fi ọwọ́ kan di ìdí ìrù rẹ̀ mú, ó fi èkejì gbé ikùn rẹ̀, ó ń fà á síwá sẹ́yìn kí omi lè máa gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Ó ṣí ọwọ́. Ẹja náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ó tún mú un. Ariwo èbúté rọlẹ̀. Aláriwo bẹ́ sómi lọ bá a, èmi sì wà lórí afárá lókè orí wọn, fèrè lọ́wọ́ mi, aago tó wà lára àtíbàbà níwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Aláriwo sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Mi ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ rí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tì í."

Ìyàwó mi ṣì ń fa ẹja síwá sẹ́yìn.

"Ẹ tì í díẹ̀. Ẹ kàn tì í kó lọ. Ta ló máa mọ̀?"

Òótọ́ ló sọ. Lábẹ́ omi yẹn, ta ló máa mọ̀? Tó bá tì í, ẹja á yọ̀ lọ síwájú, gbogbo èèyàn á hó yèè, ẹ́ńjìnnì á bọ́ sí Aláriwo lọ́wọ́. Kó tó dojú ikùn sókè nísàlẹ̀, ilẹ̀ á ti ṣú. Kí n má parọ́ fún yín, mo fẹ́ kó tì í. Ọkàn mi ń sọ pé tì í, obìnrin yìí, tì í! Mo wo aago, mo tún wò ó bí ẹni tí kò mọ aago í kà. Àlejò onífìlà funfun náà ti ń nàka sí aago náà.

"Ẹyin wà nínú rẹ̀," ìyàwó mi ní. "Ikùn rẹ̀ kún. Tí mo bá tì í, mo pa á nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ́ńjìnnì ni o."

"Mo mọ̀. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀?" Omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Fọn fèrè rẹ, bàbá yìí! Àsìkò ti tó!"

Mo fọn ọ́n. Ìyàwó mi na ọwọ́ kan sókè, ó mì í fún gbogbo èèyàn rí: a ò kà á. Inú bí mi sí i débi pé mi ò lè wò ó lójú, orí mi sì tún wú nítorí rẹ̀, ẹ má bi mí bó ṣe ṣeé ṣe. 

Àwọn èèyàn ya lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ fún ẹni kìíní lẹ́bùn. Wọ́n pe onífìlà funfun, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àmọ́ ọwọ́ wọn ò le. Nínú omi, ìyàwó mi ò fi ẹja sílẹ̀. Ó ṣì ń fà á síwá sẹ́yìn, ètè rẹ̀ ti ń gbọ̀n fún òtútù.

Aláriwo wò ó títí. Ó wá sún mọ́ ọn, ó ní, "Ẹ gbé e fún mi. Òtútù ti mú yín." Ó gba ẹja náà, ó rọra ń fà á bó ṣe rí i tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe. Ó ń bá a sọ̀rọ̀, mi ò mọ ohun tó ń sọ fún un. Lójijì lẹbẹ ẹja náà ṣí. Ìrù rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, ó tún mì. Aláriwo ṣí ọwọ́ méjèèjì gbayawu, ẹja náà gbá a létí, omi bò ó lójú, ó ti lọ!

"Ó lọ o!" Igbe tó ké, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń pè é ní Aláriwo. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó lọ! Ó gbá mi létí! Àna mi, ẹ wò ó, ó ń lọ sí kọ̀rọ̀!"

Gbogbo èrò yí padà, wọ́n sáré wá sí etí omi. Àwọn tó wà lórí òrùlé mi bẹ́ sílẹ̀. Onífìlà funfun nìkan ló kù níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Èmi náà ju fèrè nù, mo bẹ́ sómi tòun ti bàtà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dì mọ́ra, à ń fò, à ń pariwo bí ẹni tó gba ẹ̀bùn.

Ìgbà náà ni Aláriwo rántí. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe rántí. Ó bojú wẹ̀yìn wo ẹ́ńjìnnì tó ń dán lórí tábìlì, ó sì tún wo ibi tí ẹja náà gbà lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ nù ún lójú.

"Kò burú," Aláriwo ní. "Ẹja yẹn náà ò ní ẹ́ńjìnnì, ó sì ti ń lọ sílé."

Ó bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó mú àjẹ̀. A ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú omi títí ọkọ̀ náà fi kéré lójú wa, ó ń sọ fún gbogbo ọkọ̀ tó bá pàdé bí ẹja òun ṣe tóbi tó, pé tí wọn ò bá gba òun gbọ́, kí wọ́n lọ bi í, ó wà láyé.