Ragnfrid Olórin Oníná àti Irin Wáfù Mẹ́fà

Ẹni tó bá wá sí Aspevik, abúlé wa ní Norway, tó béèrè Ragnfrid, ìtàn ọjọ́ tí iná kú mọ́ ọn lẹ́nu ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún un. Ẹ jẹ́ kí èmi náà ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má bàa ní mo gbọ́n ju ará ilé mi lọ.

Ragnfrid ti lókìkí nígbà yẹn. Dùùrù oníná àti oríṣiríṣi ẹ̀rọ ló fi ń ṣe orin, òun ló ń hun ún, òun náà ló ń kọ ọ́. Wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún un ní Oslo, wọ́n ti jó sí orin rẹ̀ ní Berlin. Ó wá ní òun fẹ́ kọrin nílé, nínú gbọ̀ngán abúlé wa, ní ọ̀sán Sunday kan nínú oṣù kẹwàá. Gbogbo wa la lọ. Kì í ṣe pé a fẹ́ràn irú orin bẹ́ẹ̀ o. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ló fẹ́ yan wáfù, àkàrà dídùn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dé mọ́ inú irin oníná, Oddlaug, ẹ̀gbọ́n Ragnfrid, ni alága wọn, wáfù Oddlaug kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣeré.

Wọ́n fa aṣọ bo fèrèsé. Ragnfrid jáde nínú aṣọ fàdákà, ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ̀, ó la ẹnu, gbogbo gbọ̀ngán bá ṣókùnkùn. Irin wáfù mẹ́fà ló wà lórí iná ní kíṣìnì, fíúùsì iná wa ò sì lè gbé gbogbo wọn àti ẹ̀rọ orin pa pọ̀. Bó ṣe wà nínú aṣọ fàdákà yẹn ló ṣe rìn lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi pa irin yẹn."

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo wọn."

Oddlaug ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Àwọn èèyàn ti tò sórí ìlà. Orin lè dúró. Ìyẹ̀fun tí mo ti pò ò lè dúró."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kó ku ẹyọ kan."

"Mẹ́rin."

"Mẹ́rin á tún pa iná, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ rí gbogbo èèyàn yẹn? Torí tèmi ni wọ́n ṣe wá."

"Ta ló sọ fún ẹ?" ni Oddlaug fèsì.

Níkẹyìn, wọ́n fẹnu kò. Tí Ragnfrid bá ń kọrin, irin méjì ló máa ṣiṣẹ́. Tó bá ti kọ ọ̀kan tán, kó pa ẹ̀rọ rẹ̀, kó dúró síwájú wa, kó máa sọ̀rọ̀ títí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á fi yan wáfù lẹ́ẹ̀mejì. Oddlaug tún wá fi kún un pé, "Má sì ké ọ̀rọ̀ náà kúrú o." Báyìí ni Ragnfrid ṣe kọrin kan, tó sọ ti àgbò bàbá wọn tó gun òrùlé, ó kọ òmíì, ó sọ ti ọjọ́ tóun já sómi létí èbúté pẹ̀lú bàtà tuntun. Tí ọ̀rọ̀ bá ti tó, Oddlaug á fi ṣíbí gbá ògiri.

Ohun tó dun Ragnfrid lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe iná tó kú. Èmi ni mò ń so okùn ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò kọjá lọ sí títì Bergen, inú ọkọ̀ náà ló ti sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ti gbọ́ orin mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó tọ́ mi dàgbà ò tíì gbọ́ ẹyọ kan dópin. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo máa ń rí." Mo bá a gbé àpótí ẹ̀rọ rẹ̀ wọ mọ́tò.

Ọ̀rọ̀ sísọ yẹn wá mọ́ ọn lára. Ó dé Berlin, ó kọrin kan, ó pa ẹ̀rọ, ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Oníwèé ìròyìn kan kọ ọ́ pé ìjìnlẹ̀ ọgbọ́n àwọn ará òkè òtútù ni. Àwọn olórin kéékèèké ní Oslo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọ ìdí. Nígbà tí wọ́n bi Ragnfrid pé kí ló fà á, ó ní, "Wáfù ni mò ń dúró dè." Wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n.

Kò sí ìró tí Ragnfrid kì í ṣà jọ. Ẹ̀rọ kékeré kan máa ń wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ tó fi ń gba ohùn sílẹ̀. Ó gba ohùn ìlẹ̀kùn ọgbà àgùntàn, ó gba ṣéènì ọkọ̀ mi, ó gba ikọ́ Eilert tó ni ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí orin tó fi ikọ́ náà sí jáde, Eilert gbọ́ ikọ́ ara rẹ̀ nínú rédíò lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, ó bá gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ. Ó ní òun ò mọ̀ pé ó ti le tó bẹ́ẹ̀.

Ó gba ohùn ọ̀kan nínú àwọn irin wáfù náà, bó ṣe máa ń súfèé tí wọ́n bá dé e mọ́ ìyẹ̀fun. Orin tó fi ìró yẹn ṣe ló gbé e káàkiri ayé. Ó sáré wálé wá sọ fún Oddlaug pé àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńláńlá ń jó sí ìró irin rẹ̀.

"Èyí tó ń súfèé yẹn?" ni Oddlaug bi í. "Ó ti bàjẹ́. A ti jù ú nù."

Ẹ má bínú sí Oddlaug. Bá a ṣe rí níbí nìyẹn, a kì í yin èèyàn lójú ara rẹ̀. Nígbà tí Ragnfrid gba ẹ̀bùn ńlá l'Oslo, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń wọ ṣọ́ọ̀bù kí Eilert tó mẹ́nu kàn án. "A rí ẹ nínú tẹlifíṣọ̀n," ni Eilert wí. "Òtútù á máa mú èèyàn nínú aṣọ yẹn."

Gbogbo oṣù kẹwàá ló ń wálé wá kọrin, gbogbo oṣù kẹwàá náà ló sì ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ná irin. Irin méjì di ẹyọ kan ààbọ̀, ìyẹn ni pé kí ẹyọ kan máa ṣiṣẹ́, kí ìkejì máa sinmi kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó di ẹyọ kan. A rò pé torí fíúùsì ni. Ìgbà tí a fẹ́ fi wáyà tuntun sí gbọ̀ngán, tí gbogbo ilé ti gbà pé àwọn á fi Saturday kan ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, Ragnfrid wakọ̀ wá láti Bergen, ó dìde nípàdé, ó ní òun ò fara mọ́ ọn.

"Ṣebí ìwọ lò ń ráhùn nípa fíúùsì láti ọjọ́ yìí wá?" ni Eilert wí.

"Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà," ló sọ, ó jókòó.

Inú ọkọ̀ ló ti là á yé mi. Tí irin mẹ́fà bá lè ṣiṣẹ́ nígbà tóun ń kọrin, ọwọ́ Oddlaug ò ní dilẹ̀ láti gbọ́ òun láéláé. Mo wá rí i pé kì í ṣe iná ló ti ń ná láti ọjọ́ yìí.

Ọdún tó kẹ́yìn, àìsàn ti mú Ragnfrid. Ó ti rù, ó dé fìlà onírun àgùntàn, síbẹ̀ ó wọ kíṣìnì. Èmi ń fọ ife níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fẹ́ ẹyọ kan lónìí. Ẹ pa gbogbo ẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Orin kan péré."

Oddlaug nu ọwọ́ rẹ̀. "Ìṣẹ́jú mélòó?"

"Mẹ́ta."

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Oddlaug dúró ti àwọn irin tó ti tutù, ó mú tówẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́, ó kẹ̀yìn sí gbogbo wa, kò mira. Nígbà tí orin tán, Ragnfrid di ògiri mú wọlé wá.

"Ẹ gbọ́ ọ?"

"Ìyẹ̀fun yìí ti ki," ni Oddlaug sọ, ó sì da mílíìkì sí i.

Ragnfrid rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá tábìlì mú. Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e la sin ín.

Lẹ́yìn ìsìnkú, gbọ̀ngán yẹn náà la ti mu kọfí. Àlùfáà ní ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kó dìde. Oddlaug, tí kì í sọ̀rọ̀ ní gbangba, ló dìde.

"Orin àbúrò mi dára," ló wí. Ilẹ̀ ni gbogbo wa ń wò. "Ó dára gan-an. Gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́, láti ọdún àkọ́kọ́. Tí mo bá kọjú sí i, ẹkún á gbé mi, ta ló máa wá yan wáfù? Ó yẹ kí n ti sọ fún un." Ó wá wò mí tààrà. "Ìwọ lò ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Ṣé ó mọ̀?"

Mo ní ó mọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo sọ, àmọ́ mi ò lè sọ nǹkan míì fún un. Oddlaug mi orí pé ó dáa, ó jókòó, ó sì jẹ́ kí ẹlòmíì lọ gbé kọfí wá fún òun.