Igi Obì Tó Dí Sánmà ní Ìgèdè

Àdá wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti ká apá ẹ̀wù mi sókè, nígbà tí Màmá Fẹ́mi sáré jáde láti inú ilé, tó wá fi ẹ̀yìn ti igi obì náà, tó sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń dá ewúrẹ́ padà.

"Báyọ̀, bí o bá máa gé ugi yìí, èmi ni kí o kọ́kọ́ gé!"

Olùkọ́ ni Màmá kí ó tó fẹ̀yìn tì, Yorùbá ilé ìwé ló sì máa ń bá mi sọ. Ìgbà tí inú rẹ̀ bá ru ni èdè Èkìtì máa ń jáde, tí igi á di ugi lẹ́nu rẹ̀. Mo rọra gbé àdá sílẹ̀.

Iṣẹ́ díìṣì ni mo ń ṣe, Fájuyì ní Adó-Èkìtì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti di olóògbé báyìí, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí mo gun òrùlé tí n kì í rántí rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbé díìṣì kan lé mi lórí, ó ní, "Kí lo rù yẹn?" Mo ní díìṣì ni. Ó ní, "Rárá o, abọ́ ni. Àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó ló ń ju sátẹ́láìtì sójú ọ̀run. Àwa ń gbé abọ́ sórí òrùlé, ohun tí wọ́n bá bù sí i náà la ó jẹ." Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Nígbà tí mo dá dúró ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Bí dọ́là bá ti gbówó lórí, owó tí oníbàárà ń san á gbéra tẹ̀lé e, èmi ni wọ́n á sì wá bú. Ìgbà kan tún wà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ òkèèrè kan pòórá lójijì. Àwọn ìjọba tí wọ́n ń bá orílẹ̀-èdè tó ni ín fa wàhálà ló ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí sátẹ́láìtì. Bàbá kan láti Ìjàn-Èkìtì, tí kì í fi ìròyìn wọn ṣeré, gbé rìmóòtù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó gbé adìẹ aláìsàn padà fún ẹni tó tà á fún un. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Bàbá wò mí látòkè délẹ̀.

"Ìjà òyìnbó ló wá dé pálọ̀ mi ní Ìjàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Irọ́ lò ń pa. O ò mọ iṣẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ Màmá ní Ìgèdè-Èkìtì yàtọ̀ sí ti bàbá yẹn, nítorí kì í ṣe ìròyìn ló fẹ́ wò. Fẹ́mi, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní orílẹ̀-èdè kan ní ilẹ̀ Yúróòpù nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti sá kọjá bodè. Fẹ́mi sọ pé ìdánwò àṣekágbá ló kù, òun kò ní fi í sílẹ̀. Màmá bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù títí, kò gbà.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni Màmá sọ fún mi. "Kò rí ojú mi ló ṣe ń ṣagídí. Jẹ́ kó rí mi lẹ́ẹ̀kan péré."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò rẹ̀ nígbà náà kò lè gbé àwòrán. Ohùn lásán pàápàá, ńṣe ló ń já bí òwú. Ni Tọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Kánádà, bá ra díìṣì tuntun pẹlẹbẹ tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì tààrà láti ojú ọ̀run, ó ní kí n bá òun fi í sílé ìyá òun. Díìṣì àtijọ́, sátẹ́láìtì kan ṣoṣo ló ń wò, ojú kan ló sì máa ń kọ sí. Tuntun yìí, àìmọye sátẹ́láìtì tó ń sáré kọjá ló ń wá, ó sì fẹ́ kí sánmà ṣí gbayawu. Igi obì Màmá ló dí i. Bí àwòrán bá dé, á gan pa. Á tún dé, á tún gan. Ìdí tí mo fi mú àdá nìyẹn.

"Màmá, ẹ̀ka díẹ̀ ni n ó gé."

"Ìwọ́ Fẹ́mi wà ní ìdí igi yìí," ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ọjọ́ tí ó já ni bàbá rẹ̀ sin ín síbẹ̀, tó gbin obì lé e. Ọmọ mi wà láàárín ogun, o wá ní kí a máa gé igi rẹ̀."

Ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà Kátólíìkì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì dì í mú gírígírí. Ìwọ́ tèmi náà wà ní ìdí ọ̀pẹ kan lẹ́yìn ilé bàbá mi, mo sì mọ ohun tí n ó ṣe ẹni tó bá fọwọ́ kàn án.

Mo padà sí Fájuyì, mo ní kí wẹ́dà bá mi jó páìpù mọ́ra wọn. A gbé e padà sí Ìgèdè, a rì í mọ́ ẹ̀yìn ògiri ilé Màmá, a fi wáyà fà á ní igun gbogbo, títí orí rẹ̀ fi yọ sókè ju igi obì lọ, mo sì gbé díìṣì lé e. Ọ̀gá mi ìbá bínú, nítorí ó kórìíra díìṣì tí afẹ́fẹ́ ń mì. Mo wà lórí àkàbà nígbà tí Màmá pè mí láti ìsàlẹ̀.

"Báyọ̀, ta ló ni ojú ọ̀run tí ò ń nawọ́ sí yẹn?"

"Àwọn olówó ni, Màmá. Iléeṣẹ́ kan ló ni àwọn èyí. Irú rẹ̀ náà ni wọ́n ń lò níbi tí Fẹ́mi wà."

"Bí inú bá bí wọn ńkọ́?"

"Wọ́n lè pa ẹ̀rọ náà."

Òun náà ti gbọ́ ọ lórí rédíò pé wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tí yóò máa san owó íńtánẹ́ẹ̀tì náà lójú ogun. Ojú rẹ̀ yí padà. "Tètè ṣe é nígbà náà, ọmọ mi."

Nígbà tí àwòrán dúró dáadáa, Màmá jókòó sí ìdí igi náà, mo sì bá a di fóònù mú. Abẹ́ ilẹ̀ ilé tó ń gbé ni Fẹ́mi wà, irùngbọ̀n ti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì ti rù. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí Màmá ti tò kalẹ̀ fò lọ. Ẹkún ló kọ́kọ́ sun. Lẹ́yìn náà ló ní kí n kọ ojú fóònù sí igi.

"Ugi rẹ rèé, Fẹ́mi. Wọ́n fẹ́ gé e kí n lè rí ọ, n kò gbà. Mo bá ọ dá a sí. Ìwọ náà, bá mi dá ọmọ mi sí."

Mo rò pé àwòrán ti tún gan, mo ti ń gbójú sókè wo díìṣì. Ìgbà náà ni Fẹ́mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Màmá, mo ń bọ̀."

Kò pẹ́ tó gbéra lọ sí bodè tí gbogbo ọ̀nà tí a fi ń pe àdúgbò náà kú pátápátá. Bóyá iná ni, bóyá bọ́ǹbù ni, bóyá àwọn tó ni sátẹ́láìtì ni, a kò mọ̀ títí dòní. Màmá kò jẹun dáadáa mọ́, èmi náà kò lè sùn, títí Fẹ́mi fi pè wá láti òdìkejì bodè. Mo jó ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ náà, ojú kò tì mí.

Ìgèdè ló ti padà ṣe ìdánwò àṣekágbá náà, orí díìṣì yẹn, lábẹ́ igi yẹn. Ó ti ń ṣiṣẹ́ dókítà ní Adó báyìí. Nígbà tí owó oṣooṣù díìṣì náà wọ́n ju ohun tí wọ́n lè máa san lọ, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò sì ti sàn, Màmá ní kí n wá tú u. Bí mo ṣe ń sọ páìpù kalẹ̀, ó ní, "O rántí ìbéèrè mi? Mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Ọlọ́run ló ni ojú ọ̀run. Ayálégbé ni gbogbo wọn. Àmọ́ ayálégbé náà ló ń gba owó ilé lọ́wọ́ wa!"

A rẹ́rìn-ín títí. Fẹ́mi na ọwọ́ sókè, ó já obì lára igi náà, ó pa á, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. N kì í jẹ obì, ó máa ń korò jù fún mi. Mo jẹ ìyẹn níbẹ̀, lójú àwọn méjèèjì, mo sì jẹ ẹ́ tán.